Páìpù Tí Alága Kò Fẹ́ Rí

Nílùú Harthwaite, níbi tí afẹ́fẹ́ orí òkè kì í ti í sinmi, ọkùnrin kan wà tí kò lè kí ènìyàn káàárọ̀ láìkọ́kọ́ wúkọ́ kó fi tún ọ̀fun ṣe. Bí ó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí àwọn tó wà nínú ilé lè mọ̀ pé òun ti dé. Ó ní káàdì kékeré tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sí, ó sì máa ń fi í fún àwọn ènìyàn tó ti mọ̀ ọ́n láti ogójì ọdún. Ohun tó wà lára káàdì náà ni: Bernard Thackray, Alága Ìgbìmọ̀ Ilé Àánú Pickersgill.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹ̀yìn ọkùnrin yìí ni mo ti ń bú u. Èmi ni.

Ilé Àánú Pickersgill jẹ́ ilé kékeré mẹ́jọ tí wọ́n fi òkúta kọ́ yí àgbàlá kan ká. Oníṣòwò irun àgùntàn kan ló kọ́ wọn ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó kú, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ nípa ọ̀run. Arúgbó mẹ́jọ ló ń gbé inú wọn. Gẹ́gẹ́ bí ìwé àtijọ́ tí oníṣòwò náà fi sílẹ̀ ti sọ, iṣẹ́ Alága kò ju méjì lọ: kí òrùlé má jò, kí ara àwọn arúgbó sì móoru. Ìwé náà kò sọ̀rọ̀ káàdì.

Nígbà tí ìyàwó mi Margery wà láyé, ewu kò sí. Bí mo bá ti ìpàdé dé, tí mo ń ròyìn bí gbogbo ènìyàn ṣe pàtẹ́wọ́ fún mi, á máa bó ọ̀dùnkún rẹ̀ lọ, á ní, "Ṣé wọ́n pàtẹ́wọ́ ni, àbí òtútù ń mú wọn lọ́wọ́?" Ọ̀rọ̀ á sì tán lẹ́nu mi. Ọdún kẹta rèé tí ó ti kú. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò fi í rẹ́rìn-ín nínú ilé dà bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n pò, tí wọ́n gbàgbé sẹ́bàá iná. Á wú, á kún abọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sórí tábìlì. Mo ṣàn dé ojú títì.

Ẹni tó fi kún wíwú mi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀, Nigel Pobjoy, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí ọrùn rẹ̀ máa ń tẹ̀ síwájú bí ẹni pé ó ń gbọ́ àṣírí. Òun ló ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Mo ṣì ní àwọn ìwé náà nínú àpótí, mo sì máa ń kà wọ́n nígbà tí mo bá fẹ́ kí ojú tì mí. Nínú ọ̀kan ó kọ pé: "Alága wúkọ́ lọ́nà tó fi hàn pé ó ti ronú jinlẹ̀." Nínú òmíràn: "Alága bá wa rántí òjò ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wá lára." Ẹ̀yin òǹkàwé mi, òjò náà gan-an ló wọ̀ wọ́n lára, nítorí mo mú wọn dúró níta fún ìdajì wákàtí kí wọ́n lè wo gọ́tà kan.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ bọ́ílà ṣe wọlé. Bọ́ílà ni ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná, tí ń rán omi náà yí àwọn irin ara ògiri ká kí ilé lè móoru. Láìsí i, oṣù January nílùú wa kì í ṣe oṣù tí ènìyàn ń là kọjá pẹ̀lú àdúrà nìkan. Bọ́ílà mẹ́jọ inú Ilé Àánú ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ẹ̀yìn ibi ìdáná pálọ̀ ni wọ́n wà, wọ́n ń hó, wọ́n ń kùn, ìdajì ooru wọn sì ń gba inú ṣímínì, ihò èéfín orí òrùlé, jáde lọ bá àwọn ẹyẹlé. Ìgbìmọ̀ pinnu pé a ó yọ wọ́n, a ó sì fi tuntun rọ́pò, irú èyí tí kì í fi gáàsì ṣòfò.

Ìpinnu rere ni. Ì bá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní n kò sọ̀rọ̀ lé e lórí. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni mo fi sọ̀rọ̀ nípa iná, láti ọjọ́ tí ọmọ ènìyàn ti kọ́kọ́ fi òkúta lu òkúta. Pobjoy sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní ọ̀fìnkìn ni.

Ẹni tó wá gbé àwọn bọ́ílà tuntun sí i ni Gail Ackroyd, obìnrin oníṣẹ́ gáàsì kan láti ìsàlẹ̀ ìlú, tí pẹ́ńsùlù kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é nínú oṣù October, ó sì ṣe é dáadáa. Bọ́ílà funfun kékeré kọ̀ọ̀kan wà lára ògiri kíṣìnì, ohùn rẹ̀ kò ju ti ológbò tó ń sùn lọ. Mo lọ yẹ iṣẹ́ wò pẹ̀lú Pobjoy, ọwọ́ mi wà lẹ́yìn bí ti ọ̀gágun. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Láti ara ògiri ilé kọ̀ọ̀kan, páìpù kan yọ sínú àgbàlá, wọ́n fi fóòmù dúdú wé e, ó sì gùn tó apá ọmọdé kí ó tó wọnú gọ́tà.

"Ìyáàfin Ackroyd," mo ní, "kí nìyẹn?"

"Páìpù omi ẹkún ni, Ọ̀gbẹ́ni Thackray."

"Ẹkún ta ni?"

"Ti bọ́ílà. Àwọn ti àtijọ́ máa ń jẹ́ kí èéfín gbé ooru sá lọ. Èyí ń fún èéfín yẹn títí ooru inú rẹ̀ á fi tán, èéfín á wá di omi. Omi yẹn gbọ́dọ̀ jáde. Ìdí tó fi wà nínú àgbàlá ni pé gọ́tà wà nítòsí, oòrùn ń débẹ̀, páìpù náà sì kúrú."

"Ó sì dúdú."

"Fóòmù ló dúdú. Òun ni kì í jẹ́ kí ó dì."

Mo wúkọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé aṣojú Ọba ní agbègbè wa yóò wá sí Ilé Àánú nínú oṣù January láti ṣí aṣọ lójú àwo idẹ kan tí a fẹ́ kàn mọ́ ògiri. Orúkọ oníṣòwò irun àgùntàn wà lórí àwo náà, orúkọ Alága sì wà níbẹ̀, ó fi díẹ̀ tóbi ju ti oníṣòwò lọ. Mo ní láti irínwó ọdún, kò sí ohun tó tí ì yọ lára ògiri yìí bí ìbọ̀sẹ̀ alárìnkiri. Mo ní ṣé kò lè gba ẹ̀yìn ilé, níhà àríwá, níbi tí àlejò kò ní rí i?

Gail mú pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí, ó wò ó, ó dá a padà síbẹ̀. "Ògiri àríwá yẹn kì í rí oòrùn láti October títí di March. Ẹ ò sì ní gọ́tà níbẹ̀, àfi ọ̀kan ní ìpẹ̀kun. Tí páìpù bá rìn jìnnà báyẹn níta, omi inú rẹ̀ á dì. Tó bá dì, omi á padà sínú bọ́ílà, bọ́ílà á sì pa iná ara rẹ̀. Èmi ò ní ṣe é, Ọ̀gbẹ́ni Thackray. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é."

"Ìyáàfin Ackroyd, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń fún àwọn ènìyàn ní ìwé àṣẹ ìgbọ́kọ̀sí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ewu."

"Lórí ìgbọ́kọ̀sí," ó ní, "n ò bá yín jiyàn."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo pe Pobjoy. Pobjoy ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ilé ẹyẹ kan rí, ó sì gbà pé ẹni tó lè ṣe ilé ẹyẹ lè ṣe páìpù. Ó gé páìpù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó wà nínú àgbàlá, ó dí ojú wọn, ó lu ihò sí ẹ̀yìn ilé, ó sì fa páìpù tín-ín-rín bí ìka ọwọ́ gba ara ògiri àríwá lọ sí gọ́tà ìpẹ̀kun. Ó kùn ún ní àwọ̀ òkúta. Fóòmù kò sí lára rẹ̀. Mo dúró nínú àgbàlá tó ti mọ́ tónítóní, mo ní, "Pobjoy, ohun tó dára ni ohun tí ojú kò rí." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo tún kọ ìwé fún àwọn arúgbó: Ìlànà Mẹ́tàlélógún Nípa Bí A Ṣe Ń Bá Bọ́ílà Gbé. Ìlànà kẹsàn-án sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan láìgba àṣẹ Alága nínú ìwé. Mísì Enid Sugden, tó ń gbé ilé kẹta, ká tirẹ̀ sí mẹ́rin, ó fi ki abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ tó ń mì.

Ọ̀rọ̀ gbogbo ìtàn yìí wà lọ́wọ́ Mísì Sugden. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni. Òun ló ń se oúnjẹ ọ̀sán nílé-ìwé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun nìkan ló sì kù nílùú tó ń pè mí ní Bernard. Àyà rẹ̀ kò dára. Ní ọdún tó ṣáájú, òtútù gbé e dé ilé ìwòsàn, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ síbẹ̀. Lorraine, ọmọ àbúrò rẹ̀, tó ń gbé létí òkun, ti bá a gba yàrá sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nítòsí tirẹ̀. Lorraine kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó kàn sọ pé bí ilé Àǹtí òun bá tún tutù lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìgbà òtútù yìí, òun á wá gbé e lọ, kò sì ní sí àríyànjiyàn.

"N ò fẹ́ lọ," Mísì Sugden sọ fún mi, nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù November. "Mo lọ wo ibẹ̀. Agogo márùn-ún ni wọ́n ń kó gbogbo wọn lọ jẹun alẹ́, bí ẹni kó adìyẹ wọlé. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nílé yìí. Mo mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú fèrèsé yẹn."

Mo dìde dúró. "Mísì Sugden, gẹ́gẹ́ bí Alága Ìgbìmọ̀, mo fi dá yín lójú pé ilé yìí kò ní tutù."

"Jókòó, o ti dí ìmọ́lẹ̀. Ṣé Alága ló ṣèlérí, àbí Bernard?"

"Àwa méjèèjì ni."

"Ó dáa. Bernard ni màá dì mú," ó ní, ó sì fún mi ní bísíkíìtì, bí ẹni fún ọmọdé tó ka ìwé rẹ̀ láìṣìṣe.

November kọjá, December kọjá, òjò ń rọ̀, kò sì sí yìnyín. Bọ́ílà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbàkígbà tí mo bá pàdé Gail lọ́jà, mo máa ń ṣí fìlà fún un lọ́nà kan tó ń sọ pé, ṣé ẹ rí i?

Ọjọ́ Wednesday tí aṣojú Ọba fẹ́ wá, a jí bá yìnyín lórí ohun gbogbo. Ìwọ̀n òtútù ti fi méje lọ sísàlẹ̀ òdo. Koríko àgbàlá le bí búrọ́ọ̀ṣì. Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ìgbà kọkànlá, Pobjoy sáré dé.

"Alága, àwọn bọ́ílà ń sọ̀rọ̀."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní gbulu-gbulu-gbulu. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́."

"Mélòó nínú wọn?"

"Bí ẹ bá gbà mí láyè, Alága, màá ní kò sí èyí tí kò dákẹ́ nínú wọn."

Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ì bá pe Gail. Òmùgọ̀ gan-an ì bá gbé omi gbígbóná lọ sí ògiri àríwá. Ṣùgbọ́n ipò Alága ga ju òmùgọ̀ lọ. Mo ní kí Pobjoy má lo ọ̀rọ̀ náà "kú", kí ó sọ pé wọ́n ń sinmi. Mo ní kí àwọn arúgbó wọ aṣọ méjì sábẹ́ kóòtù, kí wọ́n sì jókòó kí ó lè dà bí ẹni pé wọ́n sanra nítorí ìtọ́jú.

Aṣojú Ọba dé ní agogo mọ́kànlá, ọkùnrin gíga kan pẹ̀lú idà ní ìdí rẹ̀ àti imú tí òtútù ti sọ di pupa. Pálọ̀ Mísì Sugden ni a ti gbà á lálejò nítorí òun ló ní àga tó dára jù. Lorraine náà wà níbẹ̀, ó wá nítorí ayẹyẹ. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀.

"Ọlọ́lá jùlọ," mo ní, "bí ẹ ti wọ ilé yìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n lára: ooru. Ooru tó yí wa ká bí apá ìyá. Ooru tí ìgbìmọ̀ yìí, lábẹ́ ìdarí tí èmi kò ní yin, fi ta àwọn arúgbó wa lọ́rẹ."

Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pe ooru, èémí funfun ń tú jáde lẹ́nu mi bí èéfín ọkọ̀ ojú irin. Aṣojú Ọba ń wo èémí náà. Nígbà tí mo pe ooru nígbà kẹfà, ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó ti bọ́ kúrò, ó tún un wọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀.

Mísì Sugden wúkọ́. Kì í ṣe irú èyí tí Pobjoy ń kọ sílẹ̀. Ó wúkọ́ títí tó fi di orí àga mú, nígbà tó sì dáwọ́ dúró, àwọ̀ ètè rẹ̀ ti yí padà.

Lorraine fa ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru yọ nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e sórí ṣẹ́ẹ̀fù. Ó dúró, ó kà á. "Mọ́kànlá," ó ní. "Ìwọ̀n mọ́kànlá, Ọ̀gbẹ́ni Thackray. Nínú ilé." Ó yí sí àǹtí rẹ̀. "Àǹtí, báàgì yín dà?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tó móoru," aṣojú Ọba sọ. "Ṣé irú ibẹ̀ wà nítòsí?"

Nígbà náà ni Pobjoy, tó ń wá ọ̀nà láti gbé mi ga, sọ pé, "Ilé Alága kò ju ìrìn ìṣẹ́jú méjì lọ."

Láti ìgbà tí Margery ti kú, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ilé mi. Mo máa ń sọ pé Alága kò gbọdọ̀ sún mọ́ ènìyàn jù. Ṣùgbọ́n kò sí irọ́ tó tètè wá sí mi lẹ́nu. Aṣojú Ọba fún Mísì Sugden lápá, idà rẹ̀ ń lu ògiri, gbogbo wa sì tò lọ.

Mo ṣílẹ̀kùn, ooru sì dìgbò lù wá bí ti ilé oníbúrẹ́dì. Láti abẹ́ àtẹ̀gùn, ohùn ńlá kan ń hó, ó ń kùn, ó ń mi àwọn ife tíì lórí ìkọ́. Gail, tí Lorraine ti pè lórí fóònù, bá wa nínú ilé. Ó gbọ́ ohùn náà, ó dúró. Ó lọ ṣílẹ̀kùn abẹ́ àtẹ̀gùn, ó tẹ̀ ba, ó wò.

"Ẹ wá wò ó," ó ní pẹ̀lẹ́. "Mo bá bàbá mi ṣiṣẹ́ gáàsì fún ọdún méjìlélógún. Irú èyí, ó sọ fún mi pé wọ́n ti tán láyé."

Aṣojú Ọba tẹ̀ ba wò ó. Lorraine náà wò ó. Ọkùnrin tó kó bọ́ílà àtijọ́ mẹ́jọ dànù, tó fi àádọ́ta ìṣẹ́jú bú àwọn tí ń fi gáàsì ṣòfò, bàbá ńlá gbogbo wọn ló ń bọ́ nínú ilé tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, gbogbo ilé ti rí fùrọ̀ adìyẹ, adìyẹ náà sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Nítorí ìtàn ìlú," Pobjoy ní, "ni Alága fi ń tọ́jú eléyìí."

Aṣojú Ọba ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ń gbìyànjú láti mú un mọ́ra, ṣùgbọ́n idà rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo sá gòkè. Mo ní mo fẹ́ lọ mú aṣọ ìbora. Nígbà tí mo dé òkè, Mísì Sugden, tó ti rọra gòkè nígbà tí wọ́n ń wo bọ́ílà, ti wà níbẹ̀, ó ń wá aṣọ ìnura, ó sì ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù gbígbóná. Gbogbo ilé àtijọ́ nílùú wa ló ní in: táńkì omi gbígbóná ló ń gbé inú rẹ̀, a sì ń to aṣọ lé orí rẹ̀ kí ó lè gbẹ, kí ó sì móoru. Aṣọ ìnura kò sí nínú tèmi. Súwẹ́tà Margery ni, mọ́kànlá, mo ká wọn bí ó ṣe máa ń ká wọn.

Mísì Sugden fi ọwọ́ lé èyí tó wà lókè, èyí aláwọ̀ sánmà. "Ó móoru," ó ní.

"Bọ́ílà tuntun kì í lo táńkì," mo ní. "Bí mo bá gbé tuntun sí i, kọ́bọ́ọ̀dù yìí á tutù."

Kò wò mí. "O lè sọ ọ́ fún wa, Bernard. Kò sí ẹni tí ì bá fi ẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwa mẹ́jọ tó wà lọ́hùn-ún, ta ni nínú wa tí kò ní irú rẹ̀ níbì kan?" Ó pa ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà dé, díẹ̀díẹ̀, kí ooru má bàa jáde. "Ó dáa. Ta ló gé páìpù yẹn?"

Láti ìsàlẹ̀, a ń gbọ́ ohùn Pobjoy. Ó ń sọ fún Lorraine pé àìbìkítà oníṣẹ́ gáàsì ló fa gbogbo rẹ̀, àti pé ìgbìmọ̀ á kọ ìwé tó le sí àwọn tó fún un ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́.

"Sọ̀kalẹ̀ lọ," Mísì Sugden ní.

Mo sọ̀kalẹ̀. N kò wúkọ́. "Èmi ni," mo ní. "Ìyáàfin Ackroyd ṣe é dáadáa. Ó kìlọ̀ fún mi. Mo ní kí wọ́n gé e nítorí kò dára lójú. Pobjoy ló gé e, ṣùgbọ́n èmi ni mo rán an. Mo fi ipò Alága sílẹ̀ láti ìsinsìnyí."

Pobjoy ti fa ìwé àti bírò yọ nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí mo ti fi ipò sílẹ̀, ó yí ojú ìwé, ó ní, "Ta ni yóò wá jẹ́ Alága?" Ó ń wo aṣojú Ọba.

Ojú Lorraine kò rọ̀. "Fífi ipò sílẹ̀ kì í mú ilé móoru, Ọ̀gbẹ́ni Thackray. Yàrá wà nílẹ̀ fún un."

"Mo lè dá páìpù padà síbi tó wà," Gail ní. "Ọ̀la ni màá bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Friday, màá ti parí."

"Wọ́n ní alẹ́ Friday á fi mẹ́sàn-án lọ sísàlẹ̀ òdo." Lorraine ronú. "Ó dáa. Láàárọ̀ Saturday, agogo mẹ́sàn-án, màá wá. Tí ilé Àǹtí kò bá tó ìwọ̀n méjìdínlógún, mò ń gbé e lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi sọ̀rọ̀."

"Bernard gbọ́ o," Mísì Sugden ní láti orí àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ méjì ni Mísì Sugden fi gbé nínú ilé mi, ó ń gbọ́ bọ́ílà mi bí ẹni gbọ́ rédíò. Èmi kò sí nílé. Kí Gail tó kan ilé kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ní láti máa da omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sí páìpù ògiri àríwá kí yìnyín inú rẹ̀ lè yọ́, kí bọ́ílà sì lè ṣiṣẹ́. Ẹni náà ni Alága àná. Mo gbé kẹ́tù láti ilé dé ilé, eékún mi wọnú yìnyín. Àwọn arúgbó ṣí fèrèsé, wọ́n ń pàṣẹ fún mi.

"Bernard, o fo ibì kan."

"Bernard, ṣé o gba àṣẹ nínú ìwé kí o tó fọwọ́ kan ìyẹn?"

Ẹni tó wà nílé kẹfà ní òun ń retí ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Mo da omi, mo kọjá.

Mo di àkàbà mú fún Gail nígbà tó ń wé fóòmù dúdú mọ́ páìpù àgbàlá. Ibi tí a fẹ́ kan àwo idẹ mọ́ gan-an ni páìpù kan gbà, a sì gbé àwo náà lọ sí yàrá ìkówèésí. Mo sọ fún un nípa táńkì mi, kúkúrú, ojú mi wà nílẹ̀.

Ó wò mí láti òkè. "Ta ló sọ fún yín pé táńkì gbọ́dọ̀ lọ? Bọ́ílà tuntun kan wà tó ń bá táńkì ṣiṣẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù yín á móoru bó ṣe wà. Ẹ ì bá kàn bi mí léèrè."

Mo ronú sí i. Láti ọdún mẹ́ta, n kò rántí ìbéèrè kan tí mo bi ẹnikẹ́ni, tí mo sì dúró gbọ́ èsì.

Láàárọ̀ Saturday, ọ̀run mọ́ gaara, òtútù náà sì dé bí wọ́n ṣe sọ. Mísì Sugden ti padà sílé rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná. Nígbà tí mo dé, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó di gbogbo bọ́tìnì rẹ̀, fìlà wà lórí rẹ̀. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Gail dúró ní kíṣìnì. Lorraine wọlé ní agogo mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó gbé ohun ìwọnooru sórí ṣẹ́ẹ̀fù, kò sì kí ẹnikẹ́ni.

A ń wò ó. Ó dúró lórí mẹ́rìndínlógún.

Lorraine tú èémí. "Àǹtí mi," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Inú báàgì rẹ ló ti ń bọ̀, òtútù ọkọ̀ ṣì wà lára rẹ̀," Gail ní. "O ò sì pa ilẹ̀kùn dé. Agogo mẹ́sàn-án lo dá."

Lorraine yí padà, ó rí ilẹ̀kùn, ó pa á dé. A tún ń wò ó. Láti kíṣìnì, bọ́ílà ń kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Níta, nínú àgbàlá, a ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán sínú gọ́tà, ó kán, ó tún kán. Mo ní ọ̀rọ̀ méje tàbí mẹ́jọ tí mo lè sọ nípa omi tó ń kán. Mo gbé wọn mì.

Mẹ́tàdínlógún. Aago ìta gbàngàn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Lorraine tẹ̀ sún mọ́ ṣẹ́ẹ̀fù, ó fi ìka mú irun kúrò lójú. Aago lù ní ìgbà mẹ́sàn-án, ó parí. Lorraine ń wò ó bí ẹni tó ń ka lẹ́tà.

"Mélòó?" Mísì Sugden ní.

"Mọ́kàndínlógún," Lorraine ní. "Ó ń gòkè sí i."

Mísì Sugden fi ìka rẹ̀ tó ti kákò mú bọ́tìnì òkè kóòtù rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó tú u, ó tú èkejì, títí márààrún fi tán. Ó fa apá rẹ̀ yọ, ó na kóòtù náà sí Lorraine, Lorraine sì dúró dì í mú fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lọ gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Bernard," Mísì Sugden ní, "máa lọ sílé. Kò sí ẹni tó pe ìpàdé."

Mo dìde. Mo la ẹnu mi, mo pa á dé, mo sì lọ.